Bẹ́ ẹ ṣe lè wo iye èèyàn àti owó tó ń wọlé nílùú Amẹ́ríkà kan kẹ́ ẹ tó kó lọ síbẹ̀ (mo fi Dayton ṣe àpẹẹrẹ)

Àbúrò mi kan tó ń gbé ní Houston pè mí lálẹ́ ọjọ́ Sátidé kan, ó ní "Ẹ̀gbọ́n, mo ti rí ìlú tí mo fẹ́ kó lọ o, Dayton ni, ní Ohio tiyín níbẹ̀ yẹn, ilé wà níbẹ̀ tówó ẹ̀ ò tó owó mọ́tò tuntun." Mo ní kó fara balẹ̀. Ó ní ṣé ìlú yẹn ò dáa ni? Mo ní mi ò sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kí ló mọ̀ nípa ẹ̀ yàtọ̀ sí owó ilé? Ó dákẹ́. Bá a ṣe wà lórí fóònù fún bíi wákàtí méjì nìyẹn, tí mò ń fi hàn án bí wọ́n ṣe ń wo iye èèyàn tó wà nílùú àti iye tó ń wọlé fún wọn, ìgbà tá a parí mo sọ fún ara mi pé mo gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀, torí kì í ṣe òun nìkan, ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń gbọ́ orúkọ ìlú lórí WhatsApp tá a sì ń palẹ̀ ẹrù mọ́ lọ́sẹ̀ kejì.

Ohun àkọ́kọ́ ni pé gbogbo ohun tẹ́ ẹ nílò, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ má sanwó fẹ́nikẹ́ni tó ní òun fẹ́ bá yín "ṣe ìwádìí ìlú". Census Bureau, ìyẹn ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń ka èèyàn ní Amẹ́ríkà, ló ni data.census.gov, ẹ lè ṣí i lórí fóònù ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà dáa jù torí àwọn àtẹ yẹn máa ń gùn. Tó bá jẹ́ pé ẹ kàn fẹ́ wò ó fìrí, wọ́n ní ojú ewé kan tí wọ́n ń pè ní QuickFacts. Ẹ kọ orúkọ ìlú pẹ̀lú ìpínlẹ̀ ẹ̀, "Dayton city, Ohio". Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn ni pé Dayton kan wà ní Texas tí ò jìnnà sí Houston rárá, òmíràn wà ní Tennessee, àbúrò mi ti ń ka ti Texas fún mi lọ ràì kí n tó sọ fún un pé nọ́ńbà yẹn kéré jù, kò lè jẹ́ òun.

Ó yá, iye èèyàn ná. Amẹ́ríkà máa ń ka gbogbo èèyàn lẹ́ẹ̀kan lọ́dún mẹ́wàá mẹ́wàá, ọdún tó bá parí sí òdo, àtọdún 1790 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ wọn ò sì tíì fo ọ̀kan rí. Èmi tó jẹ́ pé ọdún 2006 ni wọ́n ka ilé wa kẹ́yìn ní Nàìjíríà, ó máa ń wú mi lórí gan-an ni, pé èèyàn lè jókòó sílé ẹ̀ kó sì tọpa ìlú kan padà sẹ́yìn fún ọgọ́rùn-ún ọdún. Ti Dayton rèé: 262,332 lọ́dún 1960, ìgbà yẹn ló pọ̀ jù. 182,044 lọ́dún 1990. 166,179 lọ́dún 2000. 141,527 lọ́dún 2010. 137,644 lọ́dún 2020.

Ẹni tó bá rí 1960 àti 2020 nìkan máa pariwo pé ìlú ti kú, torí èèyàn 124,688 ló ti dín, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì. Ṣùgbọ́n ẹ má fo àwọn tó wà láàárín. Ẹ mú iye tuntun, ẹ yọ ti àtijọ́ kúrò lára ẹ̀, ohun tó bá kù ẹ pín in sí ti àtijọ́, kẹ́ ẹ wá sọ ọ́ di ìlọ́po 100. Láti 2000 sí 2010, Dayton pàdánù 14.8 pásẹ́ǹtì. Láti 2010 sí 2020, 2.7 pásẹ́ǹtì péré. Ṣé ẹ rí i? Ìlú kan náà, ṣùgbọ́n eré tí wọ́n fi ń sá kúrò ti dín kù gidi gan-an. Ẹni tó ń kó lọ lónìí, eré tí ìlú ń sá báyìí ló yẹ kó wò.

Tẹ́ ẹ bá rí ibi tí nọ́ńbà ti já wálẹ̀ báyẹn, ẹ wá ìdí ẹ̀, torí nọ́ńbà láìsí ìtàn ò lè là yín lọ́yẹ̀. Dayton kì í ṣe ìlú yẹpẹrẹ o. Ibẹ̀ ni àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Wright ti ní ṣọ́ọ̀bù kẹ̀kẹ́ wọn tí wọ́n fi ṣe ọkọ̀ òfuurufú, ibẹ̀ ni NCR ti ń ṣe ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbowó ní ṣọ́ọ̀bù látọdún 1884, ibẹ̀ ni Delco tó ń ṣe ẹ̀yà ara mọ́tò àti Frigidaire tó ń ṣe fìríìjì wà, General Motors (GM), ilé iṣẹ́ mọ́tò ńlá yẹn, sì gba èèyàn síṣẹ́ níbẹ̀ bí ẹni gba òjò. Iṣẹ́ wọ̀nyẹn wá ń lọ díẹ̀díẹ̀. Ní December 23 ọdún 2008, ọjọ́ méjì ṣáájú Kérésìmesì, GM ti ilé iṣẹ́ mọ́tò wọn ní Moraine pa, Moraine ò sì ju ẹ̀yìnkùlé Dayton lọ. Lọ́dún 2009 NCR náà kéde pé òun ń kó orí iléeṣẹ́ òun lọ sí Georgia, lẹ́yìn ọdún 125. Ẹ wá padà wo 14.8 pásẹ́ǹtì yẹn, á yé yín pé kì í ṣe pé àwọn èèyàn kàn dédé kórìíra ìlú wọn. Ilé iṣẹ́ GM yẹn, àwọn ará China tó ń ṣe gíláàsì mọ́tò, Fuyao, ló rà á lọ́dún 2014, iṣẹ́ ti padà síbẹ̀, ṣùgbọ́n owó wákàtí tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ kéré gan-an sí ti GM. Ẹ fi èyí sọ́kàn títí a ó fi dé ọ̀rọ̀ owó.

Kẹ́ ẹ tó kúrò lórí iye èèyàn, ẹ bi ara yín léèrè pé ọgbà wo ni nọ́ńbà yìí wà nínú ẹ̀? Ibí yìí ló ń ṣi ọ̀pọ̀ nínú wa lọ́nà, torí nílé tá a bá sọ pé Ìbàdàn, gbogbo ẹ̀ ni, kò sẹ́ni tó ń béèrè pé ṣé ìjọba ìbílẹ̀ Ìbàdàn Àríwá ni ẹ ń sọ ni àbí Ẹgbẹ́dá. Ní Amẹ́ríkà, "Dayton city" jẹ́ ààlà kan tí wọ́n fà sórí ilẹ̀, tẹ́ ẹ bá kọjá títì kan báyìí ẹ ti wà ní Kettering, ẹ tún yà díẹ̀ ẹ ti dé Oakwood, ìlú mìíràn ni, mayor mìíràn, owó orí mìíràn. Montgomery County, tẹ́ ẹ lè fojú wò bí ìjọba ìbílẹ̀ tó kó Dayton àti àwọn aládùúgbò ẹ̀ wọ̀nyẹn sínú, ní èèyàn 535,153 lọ́dún 2010 ó sì di 537,309 lọ́dún 2020. Ó lé sí i! Ọdún mẹ́wàá kan náà tí ìlú fi dín kù ni àgbègbè fi lé. Tẹ́ ẹ bá tún fẹ ọgbà yẹn sí i, kẹ́ ẹ wo gbogbo agbègbè tí wọ́n kà mọ́ Dayton, tí wọ́n ń pè ní metro area, 799,232 ló jẹ́ lọ́dún 2010, ó di 814,049 lọ́dún 2020. Nítorí náà tẹ́nì kan bá sọ pé "wọ́n ń sá kúrò ní Dayton", òótọ́ ló sọ, ẹlòmíì tó sọ pé "agbègbè Dayton ń dàgbà" náà ò purọ́.

Ìdí kan náà ni mi ò fi fẹ́ kí wọ́n máa fi Dayton wé Columbus. Columbus ní èèyàn 905,748 lọ́dún 2020, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọdún ni Columbus fi ń gba ilẹ̀ àyíká mọ́ra, ẹni tó bá fẹ́ omi ìlú á kọ́kọ́ gbà kí wọ́n kó ilẹ̀ òun wọnú ìlú. Ti Dayton, àwọn aládùúgbò ti ní ìlú tiwọn, wọ́n há a mọ́ àárín. Tẹ́ ẹ bá máa fi wéra, ẹ fi metro wé metro.

Ẹ jẹ́ ká wá dórí owó, torí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà.

Oríṣi nọ́ńbà owó tẹ́ ẹ máa rí pọ̀, wọn ò sì jọra. Èyí tí wọ́n máa ń sọ jù ni median household income, àtẹ ẹ̀ ni B19013 (irú nọ́ńbà báyìí lẹ máa kọ sí data.census.gov kí àtẹ náà lè jáde). Bó ṣe rí nìyí: ká ní a to gbogbo agbo ilé tó wà nílùú láti orí èyí tó ń pa owó kéré jù títí dé èyí tó ń pa jù, ilé tó bọ́ sáàárín gbùngbùn, owó tiẹ̀ la kọ sílẹ̀. Ó dáa ju ìpíndọ́gba lọ torí tí olówó ńlá kan bá kó wọlé, ìpíndọ́gba á fò sókè, ẹni àárín ò ní mira. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra o, agbo ilé ni wọ́n ń wí, kì í ṣe ẹnì kọ̀ọ̀kan. Gbogbo ẹni tó bá ti pé ọdún 15 lábẹ́ òrùlé kan náà, owó gbogbo wọn ni wọ́n pa pọ̀. Ilé wa tí ìyá, bàbá, àbúrò ìyàwó àti ọmọ ẹ̀gbọ́n tó ń ṣe CNA, ìyẹn olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, ń gbé pọ̀, owó agbo ilé yẹn lè dà bí owó dókítà, kò sì sẹ́ni tó lówó níbẹ̀. Lódì kejì, akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Dayton tó rẹ́ǹtì ilé pẹ̀lú ọ̀rẹ́ ẹ̀ méjì, agbo ilé ni wọ́n ka òun náà sí, wọ́n sì lè máà ní ju owó iṣẹ́ àbọ̀-ọjọ́ lọ, á fa nọ́ńbà ìlú wálẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń wo B19113 pẹ̀lú, ti àwọn tó jẹ́ ẹbí nìkan nìyẹn, tó bá ga ju ti agbo ilé lọ dáadáa, ẹ wò ó bóyá iléèwé ńlá wà nílùú tàbí àwọn àgbàlagbà tó ń dá gbé ló pọ̀. B19301 wà fún iye tó kan orí kọ̀ọ̀kan, ọmọ ọwọ́ náà wà nínú ẹ̀.

Nọ́ńbà owó wọ̀nyí kì í wá látinú kíka èèyàn ọlọ́dún mẹ́wàá mọ́. Ìwádìí kan ló ń gbé e jáde, American Community Survey, ACS la máa ń pè é, oṣooṣù ni wọ́n ń bi àwọn èèyàn kan léèrè káàkiri. Ó pín sí méjì, ti ọdún kan àti ti ọdún márùn-ún. Ti ọdún kan, ìlú tí èèyàn ẹ̀ bá tó 65,000 nìkan ló ní in. Dayton ní in. Kettering ò ní in torí 57,862 ni wọ́n lọ́dún 2020, ti ọdún márùn-ún lẹ máa wò fún un, nítorí náà tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi Dayton wé Kettering, ti ọdún márùn-ún ni kẹ́ ẹ lò fún àwọn méjèèjì, ẹ má fi mángòrò wé ọsàn. Ti ọdún kan máa ń jáde ní September, ti ọdún márùn-ún máa ń jáde ní December, àyàfi ìgbà tí nǹkan bá dí wọn lọ́wọ́. Tẹ́ ẹ bá wá ti ọdún kan ti 2020 tẹ́ ẹ ò rí i bíi tàwọn ọdún yòókù, Kòrónà ló fà á, ìdáhùn tí wọ́n rí gbà ò dáa tó. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ mọ̀ bóyá owó ń gòkè pẹ̀lú ti ọdún márùn-ún, ẹ má fi 2017 sí 2021 wé 2018 sí 2022, ọdún mẹ́rin ni wọ́n jọ ní, ó dà bí ẹni ń fi ara ẹ̀ wé ara ẹ̀. Ẹ mú èyí tí wọn ò forí kanra, bíi 2013 sí 2017 àti 2018 sí 2022.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ẹ máa rí èyí tó ní àmì àròpọ̀ àti àyọkúrò níwájú. Ìwọ̀n àṣìṣe nìyẹn. Ká ní wọ́n kọ 41,000 sí i, tí ìwọ̀n àṣìṣe sì jẹ́ 1,500, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ó ṣeé ṣe kó wà láàárín 39,500 sí 42,500. Tó bá wá di 42,000 lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ẹ má jó o, kò tíì sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn mí jù ni mo fẹ́ sọ báyìí. Nígbà tí wọ́n ka èèyàn lọ́dún 2000, owó tó ń wọlé fún agbo ilé àárín ní Dayton jẹ́ 27,423 dọ́là, owó ọdún 1999 sì ni. Nínú ACS ti 2018 sí 2022 ó ti di bíi 41,000 dọ́là. Àbúrò mi ní "Ẹ ò rí i, ó ti lọ sókè!" Mo ní kó dúró. Ẹ lọ sí ojú ewé Bureau of Labor Statistics, wọ́n ní ẹ̀rọ ìṣirò kan tó ń sọ iye tí owó àtijọ́ jẹ́ lónìí. Nọ́ńbà owó ọjà wọn fún 1999 jẹ́ 166.6, ti 2022 jẹ́ 292.7, tẹ́ ẹ bá pín èkejì sí èkíní ó jẹ́ bíi 1.757. Ẹ fi lu 27,423. Ó di bíi 48,000 dọ́là. Ìyẹn ni pé agbo ilé àárín tó bá fẹ́ ra ohun kan náà tí agbo ilé àárín ń rà lọ́dún 1999, àfi kó ní 48,000, bíi 41,000 ló sì ní. Nǹkan bíi 7,000 dọ́là ló já láàárín, lórí ìlú tí nọ́ńbà ẹ̀ "lọ sókè". Àwa tá a mọ ohun tí náírà ti fojú wa rí ò yẹ ká jẹ́ kí dọ́là fi irú èyí tàn wá.

Ẹ má sì sáré sọ pé wọ́n gé owó oṣù àwọn ará Dayton. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó ti GM bọ́ sí iṣẹ́ mìíràn, ṣùgbọ́n ẹni tó rí jájẹ tó sì ra ilé sí Beavercreek, ìlú mìíràn nítòsí Dayton, ti kó owó ẹ̀ kúrò nínú nọ́ńbà Dayton, kò pàdánù kọ́bọ̀. Àwọn tó kù nílùú ni nọ́ńbà ń sọ. Àti pé ọdún 1999 ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà ń gbóná janjan, ọdún tó dáa gan-an lèèyàn ń fi wé yẹn. Ẹ wo ti county nínú ACS 2018 sí 2022 kan náà, ó lé ní 60,000. Ẹ wo Oakwood, ó lé ní 100,000 dáadáa, Oakwood sì ni, ẹ lè fẹsẹ̀ rìn débẹ̀ láti Dayton.

Wright-Patterson, bárékè ọmọ ogun òfuurufú, ni ibi tó gba òṣìṣẹ́ jù lójú kan ṣoṣo ní Ohio, ó lé ní 30,000, ṣùgbọ́n ìta ìlú Dayton ló wà, lápá Fairborn, àwọn ẹnjiníà ibẹ̀ sì pọ̀ ní Beavercreek. Ìlú àti àwọn tó ń ṣiṣẹ́ yí i ká ò jọ ń jẹun nínú àwo kan náà. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fojú ara yín rí i, ẹ ṣí OnTheMap, ti Census Bureau náà ni, ẹ kọ orúkọ ìlú, á fi hàn yín iye tó ń wọlé wá ṣiṣẹ́ láàárọ̀ tó sì ń jáde nírọ̀lẹ́.

Owó orí bá èyí rìn. Ní Ohio, ìlú náà máa ń gba owó orí lórí owó iṣẹ́, yàtọ̀ sí ti ìpínlẹ̀. Dayton ń gba 2.5 pásẹ́ǹtì, ìlú tẹ́ ẹ ti ń ṣiṣẹ́ ló sì ń kọ́kọ́ gbà á. Beavercreek kì í gba irú ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbé Beavercreek tó ń ṣiṣẹ́ ní ọsibítù kan nínú Dayton ṣì máa san ti Dayton.

Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ sọ̀ kalẹ̀ sí àdúgbò. Lórí data.census.gov ẹ lè yan "census tract", tó dà bí wọ́ọ̀dù, èèyàn bíi 4,000 ló sábà máa ń wà nínú ọ̀kan. Ní Dayton, odò Great Miami ló pín ìlú, apá ìwọ̀ oòrùn ni wọ́n fi agídí kó àwọn aláwọ̀ dúdú sí láyé ìyàsọ́tọ̀, àmì ẹ̀ ò tíì parẹ́ nínú àtẹ owó títí dòní. Ọsibítù Good Samaritan tó wà lápá àríwá ìwọ̀ oòrùn ti palẹ̀ mọ́ lọ́dún 2018. Ibi tó jẹ́ pé ẹni tí ò ní mọ́tò ò lè ra ẹ̀fọ́ tútù nítòsí pọ̀ débi pé àwọn ará àdúgbò dáwó jọ bí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tiwa, wọ́n dá ọjà Gem City Market sílẹ̀ ní Salem Avenue, ó ṣí lọ́dún 2021. Irú nǹkan báyìí ò sí nínú B19013 o, ṣùgbọ́n ó wà lára ìdí tí ilé fi pọ́ọ́kú níbẹ̀, ohun tí àbúrò mi rí gan-an nìyẹn. Torí ẹ̀, ẹ wo B25077 fún owó ilé, B25064 fún rẹ́ǹtì, kẹ́ ẹ sì wo B25034, ọdún tí wọ́n kọ́ àwọn ilé. Ilé tí wọ́n kọ́ ṣáájú 1978 lè ní ọ̀dà olójé lára, ẹni tó bá ní ọmọ kékeré, ẹ ní kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí ìwé. Owó òrùlé àti páìpù lè gbé ẹ̀dínwó yẹn mì.

Èyí tó kù ni tàwa gan-an. Àtẹ B05006 ń sọ iye èèyàn tí wọ́n bí ní Nàìjíríà tó wà nílùú, B16001 sì ń sọ èdè tí wọ́n ń sọ nílé, látọdún 2016 wọ́n ti kọ Yorùbá sí i lórúkọ, ṣùgbọ́n wọ́n pa á pọ̀ mọ́ Twi, Igbo àti àwọn èdè ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà yòókù. Ti ọdún márùn-ún ni kẹ́ ẹ lò, kẹ́ ẹ sì wo ìwọ̀n àṣìṣe ẹ̀ dáadáa torí nílùú tó mọ níwọ̀n báyìí ó lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó nọ́ńbà yẹn fúnra ẹ̀. Dayton ti ní ètò tí wọ́n fi ń gba àlejò látọdún 2011, Welcome Dayton lórúkọ ẹ̀, àwọn Turk tí wọ́n ń pè ní Ahiska wà lára àwọn tó kó wá ra ilé àtijọ́ tí wọ́n sì tún un ṣe.

Àbúrò mi ò tíì ra ilé. Ó kọ gbogbo nọ́ńbà wọ̀nyí sínú Excel, ìlú kan ní ìlà kan, Dayton, Kettering, Huber Heights, Beavercreek, ó fi owó iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ san fún un sí ìparí ìlà kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn tó yọ owó orí àti rẹ́ǹtì kúrò. Ó ní òun máa rẹ́ǹtì fún ọdún kan ná, ó sì ti sọ fún ìyàwó ẹ̀ pé oṣù February ni wọ́n máa wá wo ibẹ̀, nígbà tí yìnyín bá wà nílẹ̀.